Òjò Dídì, Síkì àti Omi Wíwúwo ní Ilẹ̀ Nọ́wè

Ní apá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, ní ilẹ̀ Nọ́wè, ìlú kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rjukan. Àárín àwọn òkè gíga ni ìlú náà há sí, bí ohun tí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjì pa mọ́. Gaustatoppen, tí ó ga jù lọ nínú àwọn òkè náà, ga tó 1,883 mítà. Nítorí gíga àwọn òkè wọ̀nyí, láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di àárín oṣù Kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ àfonífojì náà rárá. Ilẹ̀ a máa mọ́, ojú ọ̀run a sì máa hàn, ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn kì í kan òrùlé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1928, Norsk Hydro, ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ ìlú náà dó, ṣe ọkọ̀ kan tí ń rìn lórí okùn irin láti ìsàlẹ̀ lọ sí orí òkè, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn lè máa gòkè lọ wo oòrùn ní àkókò òtútù. Ọdún 2013 ni a tó gbé dígí ńláńlá kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ń ju ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí gbàgede ìlú.

Ẹni tí ó bá gun òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú yìí yóò bá ara rẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa kan tí à ń pè ní Hardangervidda. Ó ga ju 1,000 mítà lọ, igi kò hù ní ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Òjò dídì ni olúwa ibẹ̀ ní ìdajì ọdún. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ohun kan náà ni òjò dídì àti yìnyín. Yìnyín tí ń bọ́ sórí páànù ní ilẹ̀ Nàìjíríà le bí òkúta, ó sì ń pariwo. Òjò dídì fẹ́lẹ́, ó funfun, ó sì ń bọ̀ jẹ́ẹ́ bí òwú àràbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Ènìyàn lè sùn lálẹ́ láì gbọ́ ohunkóhun, kí ó jí ní òwúrọ̀ kí ó sì rí i pé ó ti bo ilẹ̀kùn dé ìdajì. Ẹni tí ó bá fi bàtà lásán rìn nínú rẹ̀ yóò rì dé orúnkún, nígbà mìíràn dé ìbàdí, agbára rẹ̀ yóò sì tán kí ó tó rin ibùsọ̀ kan. Bí ìjì bá sì dé, ojú ọ̀run àti ilẹ̀ a di ọ̀kan. Ẹni tí ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú kò ní rí ìka ara rẹ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn ará àríwá fi ṣẹ́gun ìṣòro yìí ni síkì. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, ó gùn ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, imú rẹ̀ sì tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ apẹja. A ó so wọ́n mọ́ bàtà, ìwúwo ara yóò tàn ká orí pátákó náà, ẹsẹ̀ kò sì ní rì mọ́. Dípò kí ènìyàn máa fa ẹsẹ̀ yọ, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ púpọ̀. Àwòrán ẹni tí ó wọ síkì wà lára àpáta ní ilẹ̀ Nọ́wè, tí a gbẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1206, nígbà tí àwọn ará Nọ́wè ń bá ara wọn jà nítorí oyè, àwọn jagunjagun méjì gbé Haakon, ọmọ ọba tí kò tíì ju nǹkan bí ọdún méjì lọ, wọ́n fi síkì sá la orí òkè kọjá nínú òtútù líle, kí àwọn ọ̀tá má baà pa á. Ọmọ náà jọba ní ọdún 1217. Ẹkùn Telemark, tí Rjukan wà nínú rẹ̀, ni a sì bí Sondre Norheim sí ní ọdún 1825, ọkùnrin tálákà tí ó fi igi títẹ̀ so gìgísẹ̀ bàtà mọ́ síkì tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè fò, kí ó sì yí padà lórí òkè láì jẹ́ kí ó bọ́. Àgbègbè Tinn gan-an, tí ìlú Rjukan jẹ́ tirẹ̀, ni a ti bí John Thompson ní ọdún 1827, ẹni tí ó di ará Amẹ́ríkà, tí ó sì ń fi síkì ru lẹ́tà kọjá lórí òkè Sierra Nevada láti ọdún 1856 fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọmọdé tó mọ ìwé kà ni ó ti ń mọ síkì í wọ̀.

Lẹ́bàá Rjukan, ní ibi tí à ń pè ní Vemork, omi kan ń já láti orí òkè pẹ̀lú agbára púpọ̀. Ní ọdún 1911 ni a ṣí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná síbẹ̀, èyí tí ó wà lára àwọn tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo ayé nígbà náà. Iná yìí ni Norsk Hydro fi ń ya háídírójìn kúrò nínú omi láti fi ṣe ajílẹ̀. Láti ọdún 1934 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń rí ohun mìíràn kó jọ níbẹ̀, èyíinì ni omi wíwúwo. Bí a bá bu omi lásán àti omi wíwúwo sínú ife méjì, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n háídírójìn inú omi wíwúwo tẹ̀wọ̀n tó ìlọ́po méjì ti omi lásán. Omi wíwúwo ṣọ̀wọ́n, iná mànàmáná tí ó sì pọ̀ gidigidi ni a fi ń rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé ó lè dín eré àwọn èérún tí ń fò jáde nínú uranium kù, kí agbára átọ́míìkì lè máa jáde lọ láì dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá mọ ìyẹn í ṣe ti wà lójú ọ̀nà bọ́ǹbù átọ́míìkì.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Nọ́wè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí Vemork túbọ̀ máa pèsè omi wíwúwo sí i. Leif Tronstad, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà lára àwọn tí ó dá ìpèsè omi náà sílẹ̀, sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1941, ó sì sọ ohun tí ó mọ̀ fún ìjọba ibẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ ṣe di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti bàjẹ́.

Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, ọdún 1942, ọkọ̀ òfuurufú kan já àwọn ọmọ Nọ́wè mẹ́rin sílẹ̀ lórí Hardangervidda pẹ̀lú paraṣúùtù: Jens-Anton Poulsson, Knut Haugland, Claus Helberg àti Arne Kjelstrup. Ọmọ Rjukan ni Poulsson àti Helberg. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ de àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí yóò tẹ̀ lé wọn. Ibi tí wọ́n bọ́ sí jìnnà sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹrù wọn pọ̀ ju ohun tí ọkùnrin mẹ́rin lè rù lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí náà wọn a gbé ìdá kan síwájú, wọn a padà wá gbé èyí tí ó kù; ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń rìn ní ìgbà mẹ́ta. Òjò dídì tútù ń lẹ̀ mọ́ síkì wọn, adágún omi kò sì tíì dì dáadáa tí a fi lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ mìíràn wà tí kìlómítà díẹ̀ péré ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, oṣù Kọkànlá sì ti wọlé kí Haugland tó lè fi wáyàlẹ́ẹ̀sì bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì náà gbéra láti Skọ́tíláǹdì ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá. Inú ọkọ̀ òfuurufú méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n wà, tí ọkọ̀ méjì mìíràn ń fi okùn fà. Àwọn mẹ́rin tí ó wà lórí òkè gbé iná sílẹ̀ dè wọ́n, wọ́n sì gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lókè orí wọn nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kankan kò balẹ̀. Ìkùukùu ti bo ilẹ̀, omi dídì sì ti bo okùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ń fa òmíràn forí sọ òkè, àwọn méjèèjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì sì já lulẹ̀. Àwọn tí kò kú nínú ìjàǹbá náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jámánì, a sì pa gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ogun wà lọ́rùn wọn. Ọkùnrin 41 ni ó ṣègbé. Ní àfikún, àwọn ọ̀tá rí àwòrán ilẹ̀ kan nínú ẹrù wọn tí a ti fàmì sí Vemork lára. Ìṣọ́ wá pọ̀ sí i: a ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ yí ilé-iṣẹ́ náà ká, a sì fi ọmọ ogun kún àwọn tí ń ṣọ́ afárá rẹ̀.

Àwọn mẹ́rin orí òkè sá wọ inú ahéré kan tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà. Oúnjẹ tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se èéhù tí ń so mọ́ òkúta lábẹ́ òjò dídì, èyí tí àwọn ẹran orí òkè ń jẹ, títí àìsàn fi ń ṣe wọ́n. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Kérésìmesì ọdún 1942 pé ni Poulsson tó yìnbọn pa ẹran kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, irú èyí tí ń rìn ní agbo lórí òkè wọ̀nyí. Wọn kò sọ ohunkóhun nínú rẹ̀ nù. Kódà wọ́n jẹ èéhù tí ẹran náà ti jẹ, tí ó ti dà díẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, nítorí ìyẹn nìkan ni ewé tí ara wọn lè rí lò ní gbogbo àkókò òtútù náà. Ẹran yìí ni ó gbà wọ́n.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, ọdún 1943, a já ọmọ Nọ́wè mẹ́fà mìíràn sílẹ̀. Joachim Rønneberg, ọmọ ọdún 23, ni olórí wọn. Àwọn yòókù ni Knut Haukelid, Birger Strømsheim, Fredrik Kayser, Kasper Idland àti Hans Storhaug. Ní ọjọ́ kejì, ìjì òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Ó jà fún ọjọ́ bíi mélòó kan láì sinmi, wọ́n sì há sínú ahéré ọlọ́dẹ tí wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀, òjò dídì ti bo ẹrù tí wọ́n kó pa mọ́ síta, ojú ilẹ̀ sì ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí wíwá ẹrù náà fi di iṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n ti fẹ́ gbéra, ọdẹ kan tí ń wá ẹran yọ sí wọn. Ogun ni ogun í jẹ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bá sọ̀rọ̀ lè mú kí gbogbo wọn kú, kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá pa á. Wọn kò pa á. Wọ́n mú un ṣe afinimọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ìpinnu yìí kì í sábà gba àyè púpọ̀ nínú ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ó yẹ kí a rántí rẹ̀.

Ọ̀nà méjì péré ni ó hàn láti wọ Vemork: afárá tí àwọn ọmọ ogun ń ṣọ́, àti orí òkè tí bọ́ǹbù wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Láàrin wọn ni ọ̀gbun jíjìn kan wà, tí odò Måna ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì gbà pé ẹ̀dá kò lè gba ibẹ̀, wọn kò sì fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Nọ́wè wo àwòrán ibẹ̀, wọ́n rí i pé igi hù lára ògiri ọ̀gbun náà. Èrò wọn sì ni pé ibi tí igi bá ti rí ibi ta gbòǹgbò sí, ènìyàn lè rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Helberg lọ wò ó ní ọ̀sán, ó sì padà wá sọ pé ọ̀nà wà. Ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù.

Ní òru ọjọ́ 27 oṣù Kejì, àwọn mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun náà, wọ́n gba orí omi dídì tí ó ti ń yọ́ kọjá odò, wọ́n sì pọ́n òkè kejì dé ojú irin tí ó lọ sí ilé-iṣẹ́. Aṣọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀, kí àwọn ọ̀tá má baà gbẹ̀san lára àwọn ará ìlú. Wọ́n fi ẹ̀mú ńlá gé ẹ̀wọ̀n ẹnu ọ̀nà. Rønneberg àti Kayser rá kòrò gba ihò tí wáyà ń gbà kọjá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí àwọn àgbá 18 tí a fi ń ṣe omi wíwúwo tò sí. Olùṣọ́ òru tí ó wà níbẹ̀, ọmọ Nọ́wè bí tiwọn, kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí Rønneberg ti ń múra láti tanná sí ohun abúgbàù, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé òun kò rí awò ojú òun, bẹ́ẹ̀ ni awò ojú ṣòro láti rà nígbà ogun. Rønneberg dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó sì bá a wá a. Lẹ́yìn náà ni ó gé okùn iná kúrú, kí ó lè bú ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú dípò ìṣẹ́jú méjì.

Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ ogun Jámánì kan jáde wá, ó tan iná sí ibí àti sí ọ̀hún, ó sì padà wọlé. Haukelid àti Poulsson wà nínú òkùnkùn nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yìn ín. Nǹkan bí 500 kìlógíráàmù omi wíwúwo ti ṣàn dànù. A kò yin ìbọn kan, ẹnikẹ́ni kò sì farapa. A ròyìn pé Ọ̀gágun von Falkenhorst, olórí àwọn ọmọ ogun Jámánì ní Nọ́wè, yin àwọn tí ó ṣe é nígbà tí ó dé ibẹ̀.

Wọ́n gun òkè padà ní òru kan náà, ìjì sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó pa ojú ipasẹ̀ síkì wọn rẹ́. Òjò dídì tí ó fẹ́ pa wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá wá di aṣọ tí ó bò wọ́n. Àwọn márùn-ún fi síkì rìn ju 300 kìlómítà lọ láàrin àwọn ọ̀tá, títí wọ́n fi wọ ilẹ̀ Swídìn ní oṣù Kẹta. Àwọn yòókù tú ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Jámánì ni a kó jáde láti wá wọn lórí Hardangervidda.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, Helberg padà lọ sí ahéré kan, ó sì bọ́ sí ojú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wọ síkì. Ó sá. Wọ́n lé e títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó mọ síkì bí òun náà. Nígbà tí Helberg rí i pé òun kò lè já a sílẹ̀, ó yí padà. Ìbọn kékeré ni ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, Helberg sì mọ̀ pé ẹni tí ọta ìbọn rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ni yóò pàdánù. Ti ará Jámánì náà ni ó kọ́kọ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Helberg tìkára rẹ̀ já bọ́ láti etí òkè, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Síbẹ̀ ó yè, ó sì bọ́.

Láàrin oṣù díẹ̀, Vemork tún ti ń pèsè omi wíwúwo. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ọdún 1943, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ju bọ́ǹbù sí i. Àwọn ará Nọ́wè tí kì í ṣe ọmọ ogun, tí wọ́n ju ogún lọ, ni ó kú. Omi tí ó wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ yìí wé òru ọjọ́ 27 oṣù Kejì yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ń wo ilẹ̀ láti òkè àti ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni àwọn ará Jámánì pinnu láti kó èyí tí ó kù lọ sí ilẹ̀ wọn. Yóò gba orí adágún Tinn kọjá nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Hydro, ọkọ̀ tí àwọn ará ìlú náà ń wọ̀ lójoojúmọ́. Haukelid àti àwọn méjì mìíràn gbé ohun abúgbàù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lóru, wọ́n sì so aago tí ń jí ni mọ́ ọn. Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 20 oṣù Kejì, ọdún 1944, ni wọ́n mú, nítorí pé èrò kì í pọ̀ ní ọjọ́ náà. A kò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí àṣírí má baà tú. A sọ pé òṣìṣẹ́ kan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì fẹ́ bá ọkọ̀ náà lọ, fi oògùn tí ń ṣí inú sínú oúnjẹ rẹ̀ kí ó má baà lè jáde nílé. Ọkọ̀ náà rì sínú ibú. Ènìyàn 18 ni ó kú, 14 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nọ́wè.

Ǹjẹ́ ó tọ́ bí? Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ohun tí a mọ̀ lẹ́yìn ogun ni pé, láti oṣù Kẹfà ọdún 1942, àwọn olórí Jámánì ti pinnu láti má ṣe náwó ńlá lé bọ́ǹbù átọ́míìkì lórí, àti pé nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn gbìyànjú fún ìgbà ìkẹyìn ní Haigerloch ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, omi wíwúwo tí wọ́n ní kò tó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lórí òkè kò mọ ohun tí a pinnu ní Bẹ̀rílìn, bẹ́ẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n tí ènìyàn mọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣe nǹkan ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò lè tu ìdílé àwọn 14 náà nínú, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi í tù wọ́n.

Haugland wà lára àwọn tí ó gun Kon-Tiki, ọkọ̀ onígi tí ó la òkun Pàsífíìkì kọjá ní ọdún 1947. Rønneberg pẹ́ láyé jù. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2018. Ilé-iṣẹ́ Vemork ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 2004, a fa àgbá kan sókè láti ìsàlẹ̀ adágún Tinn, níbi tí ó ti wà fún 60 ọdún. Nígbà tí a yẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wò, omi wíwúwo ni a bá níbẹ̀, bí ìwé ẹrù ti ọdún 1944 ti wí. Ọkọ̀ Hydro fúnra rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ó ju 400 mítà lọ sí ojú omi.